Ẹ Bi Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ǹpútà: Mo Ki Flash Bọ Sístẹ́ẹ̀mù, Sístẹ́ẹ̀mù Ní Òun Ò Rí I

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lórí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, lóṣù yìí pọ̀ gan-an, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì forí lé. Èèyàn á ki nǹkan bọ sístẹ́ẹ̀mù, sístẹ́ẹ̀mù ò ní ṣe bíi pé òun rí nǹkan kan, onítọ̀hún á bá gbé owó jáde lọ ra òmíì, tàbí kó pa gbogbo Linux rẹ́ kó tún un fi sí látìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá kà á. Kernel tó jẹ́ ọkàn Linux kì í panu mọ́, ohun tó bá fara kàn án ló ń sọ, àwa la kì í bi í. Torí ẹ̀ ni ẹ ṣe máa rí i pé ìbéèrè kan náà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ni kernel rí?

Flash 16 GB ní àyè òun ti tán

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀ọ̀dá Kọ̀ǹpútà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé tí mo sì ń bá àwọn èèyàn tún sístẹ́ẹ̀mù ṣe. Mo fẹ́ gbé Linux Mint sórí flash 16 GB, àṣẹ dd tó ń da odindi fáìlì sórí dísìkì ni mo fi ń ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó dé 1.9 GB ló ní 'No space left on device'. Flash 16 GB o! Tí mo bá wá ṣí flash náà, àwọn fọ́tò ìgbéyàwó tó ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà ńbẹ̀ pérépéré. Mo ti ra flash míì, bákan náà ló ń ṣe. RAM mi jẹ́ 4 GB, sístẹ́ẹ̀mù náà sì ti ń wọ́ bí ìgbín látàárọ̀. Ṣé ojú USB mi ló ti bàjẹ́ ni, àbí torí pé ọmọ mi fẹsẹ̀ kọ́ flash yẹn tó fi bọ́ lẹ́ẹ̀kan?" (Oníṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, Òṣogbo)

Rárá o, àǹtí mi, ojú USB yín ò ṣe nǹkan kan, flash méjèèjì náà ò ṣẹ̀. Ẹ má ra ẹ̀kẹta. Ohun tẹ́ ẹ kọ gbẹ̀yìn yẹn, pé ọmọ fẹsẹ̀ kọ́ flash, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wò ó, fáìlì tó wà nínú fódà /dev kì í ṣe fáìlì bíi ti lẹ́tà tàbí fọ́tò. Ẹnu ọ̀nà ni. Tẹ́ ẹ bá kọ nǹkan sí /dev/sdb, kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú flash ló ń bá lọ tààrà. Kernel ló ń ṣí ẹnu ọ̀nà yẹn tẹ́ ẹ bá ti flash bọ̀ ọ́, òun náà ló ń mú un kúrò tẹ́ ẹ bá yọ ọ́. Láyé àtijọ́ wọ́n á ti to ẹnu ọ̀nà jánganjàngan sínú /dev kalẹ̀, ẹ ní nǹkan náà o, ẹ ò ní in o, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ á wà ńbẹ̀. Àtìgbà tí Greg Kroah-Hartman ti gbé udev, ètò tó ń bójú tó /dev, jáde lọ́dún 2003, tí devtmpfs, apá kernel tó ń ṣí ẹnu ọ̀nà fúnra ẹ̀, sì wọ inú kernel 2.6.32 lọ́dún 2009, ohun tó bá wà lára sístẹ́ẹ̀mù lóòótọ́ lẹnu ọ̀nà ẹ̀ sábà máa ń yọ.

Nígbà tí flash yẹn wá bọ́, ẹnu ọ̀nà bá a lọ. Ẹ ò mọ̀, ẹ tẹ àṣẹ dd. dd dé ibi tó yẹ kí /dev/sdb wà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, sudo sì ti fún un lágbára láti ṣe ohun tó bá wù ú, ló bá dá fáìlì lásán sílẹ̀, ó sọ ọ́ ní sdb, ó wá ń da ISO yín, fáìlì Linux Mint yẹn, sínú ẹ̀. Inú RAM sì ni /dev ń gbé o, kì í ṣe orí dísìkì. Lórí Mint àti Ubuntu, àyè tí wọ́n máa ń fún un tó bí ìdajì RAM, RAM tiyín jẹ́ 4 GB, ẹ ti wá rí ibi tí 1.9 GB ti wá. Òun náà ló ń jẹ́ kí sístẹ́ẹ̀mù máa wọ́, torí ISO ti jókòó sórí ìdajì RAM. Àwọn fọ́tò ìgbéyàwó ò sì kúrò torí kò sóhun tó dé inú flash rárá. Tẹ́ ẹ bá rántí dáadáa, ó yá ju bó ṣe yẹ lọ lọ́jọ́ yẹn, flash ọjà kì í gba 1.9 GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, RAM ló ń gbà á bẹ́ẹ̀. Flash tuntun tẹ́ ẹ rà náà, sdb ni kernel fẹ́ máa pe òun náà, àmọ́ ó fẹ́ ṣí ẹnu ọ̀nà fún un, ó bá fáìlì lásán tó ti gba orúkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ ṣí terminal, ibi tá a ti ń tẹ àṣẹ, ẹ tẹ èyí:

ls -l /dev/sdb

Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú pátápátá lápá òsì. Tó bá jẹ́ b, bíi brw-rw---- 1 root disk 8, 16, ojúlówó ẹnu ọ̀nà ni. b yẹn ń sọ pé dísìkì ni, 8 ni nọ́ńbà dráífà tó ń bójú tó o, 16 ni ti dísìkì kejì fúnra ẹ̀. sda ló ni 0, sdc ló ni 32, torí àyè 16 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún dísìkì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún odindi dísìkì, 15 fún àwọn pátíṣọ̀n (ìpín) inú ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ dáàṣì lẹ rí, -rw-r--r--, tẹ́ ẹ sì rí nọ́ńbà gbọọrọ kan níbi tó yẹ kí 8, 16 wà, ọwọ́ ti tẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ yọ flash, ẹ pa fáìlì náà rẹ́, kẹ́ ẹ tún wá ti flash bọ̀ ọ́ padà:

sudo rm /dev/sdb
lsblk

Kí ẹ̀rù má bà yín. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ojúlówó lẹ ṣèèṣì parẹ́, ẹnu ọ̀nà lẹ wó, ilé ṣì wà lórí ìdúró, tẹ́ ẹ bá yọ flash tẹ́ ẹ tún tì í bọ̀ ọ́, òmíì á yọ. lsblk á fi dísìkì hàn yín pẹ̀lú bí wọ́n ṣe tóbi tó, flash 16 GB á máa jẹ́ bíi 14.9G níbẹ̀ (bí wọ́n ṣe ń ka GB ló fa ìyàtọ̀ yẹn, wọn ò rẹ́ yín jẹ). Ẹ jẹ́ kí ó mọ́ yín lára láti wò ó ní gbogbo ìgbà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan dd, torí lẹ́tà kan péré ló wà láàárín sda tí gbogbo iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yín wà àti sdb tó jẹ́ flash. Àwọn fọ́tò ìgbéyàwó yẹn náà, ẹ kọ́pì wọn síbòmíì ná o, torí lọ́tẹ̀ yìí dd máa dé inú flash lóòótọ́, kò sì ní ṣẹ́ ìkankan kù. Ó di:

sudo umount /dev/sdb1
sudo dd if=mint.iso of=/dev/sdb bs=4M status=progress conv=fsync

conv=fsync tó wà níparí yẹn kì í jẹ́ kí dd sọ pé òun ti parí nígbà tí dátà ṣì ń rìn lọ́nà.

Bọ́ọ̀dù mi tan iná, ṣùgbọ́n kò sí port

"Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo ń fi bọ́ọ̀dù Arduino olówó pọ́ọ́kú ṣe project ìparí mi, ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú táńkì. Ubuntu 22.04 ni mò ń lò. Tí mo bá ti bọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, iná ẹ̀ á tàn, àmọ́ kò sí port kankan nínú Arduino IDE tí mo fi ń kọ kóòdù sórí ẹ̀. Lórí Windows ọ̀rẹ́ mi ó ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ní kí n chmod 777 gbogbo /dev. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù tí màá lọ dúró níwájú àwọn olùkọ́ wa sà." (Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́)

Àbúrò, fọkàn balẹ̀, o máa bá a. Chmod 777 yẹn, má ṣe é rárá. Gbogbo ètò tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí sístẹ́ẹ̀mù ẹ ni wàá fún láǹfààní láti kọ nǹkan sórí dísìkì ẹ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ kò ní yanjú tìẹ.

Kọ́kọ́ sọ fún mi, ṣé okùn tó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ lo fi ń ti tìẹ bọ̀ ọ́? Ọ̀pọ̀ okùn tá a fi ń ṣájì fóònù ò ní wáyà dátà nínú, iná nìkan ló ń gbà kọjá, iná bọ́ọ̀dù á tàn rekete, kernel ò ní mọ̀ pé ẹnì kankan wọlé. Mo mọ ọkùnrin kan tó tún Ubuntu fi sí lẹ́ẹ̀mẹta torí irú okùn bẹ́ẹ̀. Yá okùn ọ̀rẹ́ ẹ, kí o wá ṣí terminal, kí o tẹ èyí KÍ O TÓ ti bọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́:

sudo dmesg -w

Ẹnu kernel lo gbé etí sí yẹn. Wàyí o, ti bọ́ọ̀dù bọ̀ ọ́, kí o máa wo ojú sístẹ́ẹ̀mù. Tí kò bá sọ nǹkan kan, okùn ni tàbí ojú USB. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tó o sọ yẹn, chip CH340 ló sábà máa ń wà lórí ẹ̀ (tó o bá tẹ lsusb wàá rí 1a86:7523), lórí Ubuntu 22.04 gan-an sì rèé, mo lérò pé ohun tó o máa rí ni pé kernel á kọ́kọ́ ní ch341-uart, dráífà chip yẹn, ti wọlé sí ttyUSB0, ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀dù ẹ, kí ojú ẹ tó ṣẹ́, á tún ní:

usbfs: interface 0 claimed by ch341 while 'brltty' sets config #1
ch341-uart converter now disconnected from ttyUSB0

Ẹnu ọ̀nà ṣí, ẹlòmíì sì já a gbà mọ́ ẹ lọ́wọ́. BRLTTY ni orúkọ onítọ̀hún. Ètò tó dáa gan-an ni o, òun ló ń jẹ́ kí àwọn tí ojú wọn ò ríran fi ọwọ́ ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà lórí ẹ̀rọ Braille. Ohun tó fa wàhálà ni pé àwọn ẹ̀rọ Braille kan ń lo chip CH340 kan náà, nọ́ńbà 1a86:7523 kan náà, BRLTTY rí nọ́ńbà yẹn lára bọ́ọ̀dù ẹ, ó rò pé ẹ̀rọ òun ló dé. Tí kò bá sí ẹni tó ń lo Braille lórí láptọ́ọ̀pù yẹn:

sudo apt remove brltty

Tó bá jẹ́ sístẹ́ẹ̀mù tí gbogbo yín jọ ń lò ní dẹpáátímẹ́ǹtì, má yọ ọ́ o. Má torí project tìẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹlòmíì. Ńṣe ni kó o kọ́pì fáìlì 85-brltty.rules láti /usr/lib/udev/rules.d lọ sí /etc/udev/rules.d, kí o wá ìlà tí 1a86/7523 wà nínú èyí tó o kọ́pì, kí o fi # síwájú ẹ̀, kí o sì tẹ sudo udevadm control --reload-rules. Èyí tó bá wà ní /etc ni udev á tẹ̀ lé, BRLTTY á ṣì máa bá àwọn ẹ̀rọ Braille yòókù ṣiṣẹ́.

Kò tíì tán. Port á yọ, wàá fẹ́ gbé kóòdù sórí ẹ̀, á ní "Permission denied". Ìdí ni pé ẹgbẹ́ dialout ló ni ẹnu ọ̀nà ttyUSB0, o ò sì tíì sí nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ ẹgbẹ́:

sudo usermod -aG dialout $USER

Fojú sí a kékeré yẹn dáadáa, àbúrò. Tó o bá fò ó, -G nìkan á yọ ẹ́ kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ yòókù, títí kan ẹgbẹ́ sudo, wàá wá jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù ara ẹ láìlágbára. Lẹ́yìn náà, log out kí o tún wọlé, torí ìgbà tó o bá wọlé ni Ubuntu máa ń ka ẹgbẹ́ tó o wà. Àwọn tó ń fi chmod 666 sórí ttyUSB0, ó ń ṣiṣẹ́ fún wọn títí wọ́n á fi yọ okùn, tí wọ́n bá tún tì í bọ̀ ọ́, ẹnu ọ̀nà tuntun ni kernel ń ṣí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Tó o bá fẹ́ lo bọ́ọ̀dù méjì pa pọ̀, má gbára lé ttyUSB0 àti ttyUSB1, èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń gba 0. CH340 ò sì sábà ní nọ́ńbà tara ẹ̀ tó o lè fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, torí náà wo inú /dev/serial/by-path, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ojú USB tí wọ́n há sí dá wọn mọ̀. Kọ̀wé sí mi tí omi táńkì yẹn bá ti ń sọ̀rọ̀.

Láìsí dísìkì yẹn lára ẹ̀, kì í tàn délẹ̀

"Onífọ́tò ni mí láti bí ọdún mélòó kan. Ọmọ mi bá mi ṣe é kí háàdì dísìkì tí mo ń kó iṣẹ́ sí máa ṣí fúnra ẹ̀, ó kọ /dev/sdb1 sínú fstab. Tí mo bá ti gbàgbé dísìkì náà sílé báyìí, sístẹ́ẹ̀mù á dúró fún bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, á wá dúdú, á ní 'emergency mode'. Ọmọ náà ti padà sí ilé ìwé." (Bàbá onífọ́tò, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọmọ gbìyànjú, nǹkan méjì ló kù tí kò fi sí i. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ yẹn, 90 sẹ́kọ́ǹdì ni, iye tí systemd, ètò tó ń tan Linux, fi ń dúró de dísìkì tí fstab, fáìlì tí wọ́n to àwọn dísìkì sí, ní kó retí. Tí kò bá dé, á gbà pé ohun ńlá kan ti bàjẹ́, á sì kọ̀ láti tẹ̀ síwájú. Níbi tó bá ti dúdú yẹn, tí wọ́n bá béèrè pásíwọ́ọ̀dù root, ẹ tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ tẹ Enter, kẹ́ ẹ wá tẹ mount -o remount,rw / àti nano /etc/fstab. Ẹ fi # síwájú ìlà /dev/sdb1, ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ tẹ reboot, á tàn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti ráyè, ẹ ti dísìkì bọ̀ ọ́, ẹ tẹ lsblk -f, ẹ wo UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ dísìkì náà, tó wà ní ìlà ẹ̀. UUID yẹn ò ní yí padà àfi tẹ́ ẹ bá tún dísìkì náà fọ́ọ̀mátì, ṣùgbọ́n sdb lè di sdc lọ́la torí pé oníbàárà kan ki flash ẹ̀ bọ̀ ọ́ ṣáájú. Ẹ yọ # tẹ́ ẹ fi síwájú ìlà yẹn kúrò, ẹ fi UUID= àti nọ́ńbà yẹn rọ́pò /dev/sdb1 nínú fstab, kẹ́ ẹ sì kọ defaults,nofail,x-systemd.device-timeout=10 sí ibi tí defaults wà. nofail ló ń sọ fún un pé bí dísìkì ò bá tiẹ̀ wá, kó máa tàn lọ. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ tẹ sudo mount -a nígbà tí ẹ ṣì wà lójúfò, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá dísìkì náà ṣí, tí àṣìṣe bá wà nínú ohun tẹ́ ẹ kọ, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀, kò ní dúró di ọjọ́ tí oníyàwó ń retí fọ́tò.

Mo wá wlan0 nínú /dev, mi ò rí i

"Mo fi Debian 11 sórí láptọ́ọ̀pù àlòkù, Wi-Fi ò sí. Mo wo gbogbo inú /dev, kò sí wlan0 ńbẹ̀. Ṣé kí n ra káàdì tuntun?" (Àjàṣẹ́)

Ẹ ò lè rí wlan0, orúkọ kan tí Linux máa ń fún Wi-Fi, ńbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ni kì í ní ẹnu ọ̀nà nínú /dev nínú àwọn nǹkan tá a máa ń wá, inú /sys/class/net ló wà, ip link ló sì ń fi í hàn. Ẹ tẹ rfkill list ná. Tó bá ní "Hard blocked: yes", bọ́tìnnì kan lára láptọ́ọ̀pù ló pa á. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lspci -nnk. Tẹ́ ẹ bá rí káàdì náà, tí "Kernel driver in use" ò sì sí lábẹ́ ẹ̀, tàbí tí sudo dmesg ń pariwo firmware (ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú káàdì fúnra ẹ̀), káàdì yín wà láàyè, firmware ẹ̀ ló ṣeé ṣe kó má sí. Bẹ́ẹ̀ ni Debian ṣe rí tẹ́lẹ̀, wọn kì í fi firmware tí kóòdù ẹ̀ ò sí ní gbangba sínú installer wọn. Debian 12 tó jáde ní oṣù kẹfà 2023 ló yí ìyẹn padà, òun ni mo ní kẹ́ ẹ fi sí. Tẹ́ ẹ bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì ní báyìí, ẹ fi okùn so fóònù yín mọ́ ọn kẹ́ ẹ tan USB tethering, okùn tó ní wáyà dátà o.

Flash 64 GB tó ń jẹ fáìlì

"Fíìmù tí mo bá kó sí flash 64 GB mi, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ń ṣí, àwọn tó tẹ̀ lé e kì í ṣí. Linux ní 64 GB ni lóòótọ́." (Ìbàdàn)

Ohun tí flash bá sọ fún kernel ni kernel ń gbà gbọ́, àwọn èèyàn kan sì ń kọ́ flash 8 GB láti máa pe ara ẹ̀ ní 64. Tó bá ti kún, ó ń kọ tuntun lé orí ti tẹ́lẹ̀ tàbí kó dà á nù. Ẹ kó ohun tẹ́ ẹ bá lè rí gbà jáde, ẹ fi sudo apt install f3 gbé f3, ètò tó ń dán àyè flash wò, sórí sístẹ́ẹ̀mù yín, ẹ tẹ f3write pẹ̀lú fódà tí flash náà wà, lẹ́yìn náà f3read. Á pẹ́, ẹ lọ jẹun. Tó bá parí, ìlà "Data LOST" á sọ iye tó sọnù fún yín. Ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú sístẹ́ẹ̀mù, kẹ́ ẹ gbé e pẹ̀lú flash náà padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín lónìí, kí ó tó ní òun ò mọ̀ yín rí.